Ta Ló Rọ Ìbọn Yìí? Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan lórí ìbọn inú géèmù

Ẹgbẹ́ kékeré kan ń ṣe géèmù lọ́wọ́. Ìlú tó ti run ni géèmù náà dá lé, ogójì ọdún lẹ́yìn ogun tó sọ ayé di ahoro. Àwọn tó ṣẹ́kù ń gbé nínú ọgbà ńlá kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe nígbà kan rí. Wọ́n ń du omi, wọ́n ń du oògùn, wọ́n sì ń du ọta ìbọn. Ìbọn mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ náà fẹ́ lò ní apá kìíní géèmù: ìbọn ológun kan tó ṣẹ́kù láti ìgbà ogun, ìbọn kékeré arọ̀jò-ọta kan tí àwọn ará ọgbà fọwọ́ ara wọn rọ, àti ìbọn gígùn kan tí wọ́n fi ń yìn láti òkèèrè.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wá àwòrán, ìwọ̀n àti ìtàn ìbọn tòótọ́ fún àwọn tó ń ya ìbọn inú géèmù. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, n kò sì ní dárúkọ géèmù wọn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà dìde wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí wọ́n pè mí, wọ́n ti ya ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, wọ́n sì ti fún àwọn ènìyàn díẹ̀ ní géèmù náà láti dán wò. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ti ẹnu wọn jáde: àwọn ìbọn yìí dà bí ohun ìṣeré ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ náà dun ayàwòrán wọn dé egungun. AK-74 ló wò ya ìbọn ológun náà, ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Soviet bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1974, kò sì sí ibi tí kò wọ̀n lára rẹ̀. Mo gbé àwòrán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìbọn gidi, mo wá àṣìṣe títí, n kò rí. Síbẹ̀, nígbà tí èmi fúnra mi jókòó gbá géèmù náà fún wákàtí kan, ohun tí àwọn yẹn rí lèmi náà rí. Ìbọn náà péye, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ni ìdógùn-ún. Wọ́n fi ìdógùn-ún kun ìbọn náà láti ẹnu dé ìdí, wọ́n fi àkísà wé e, wọ́n lẹ téèpù mọ́ ọn, wọ́n sì ha á lára káàkiri. Àwọn tó tún un dán wò ní ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní kí ayàwòrán fa àwòrán náà kó tóbi lójú kọ̀ǹpútà, kó wo irin kékeré tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, èyí tí wọ́n máa ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé. Ìdógùn-ún ti bò ó mọ́lẹ̀. Mo bi í pé, "Ẹni tó ni ìbọn yìí, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń fa irin yẹn lóòjọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Á tó ogún ìgbà."

Irin tí ọwọ́ ènìyàn ń kàn nígbà ogún lóòjọ́ kì í dógùn-ún. Dídán ló ń dán, bí ọwọ́ ilẹ̀kùn tí gbogbo ará ilé ń dì mú. Àwọ̀ dúdú tí wọ́n fi kùn ún á ti ṣí, irin funfun á ti yọjú lábẹ́ rẹ̀. Igi ìdí ìbọn á ti dúdú níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fara tì, nítorí òógùn á ti wọ inú igi lọ. Kọ̀rọ̀ tí ìka ò dé ni ìdógùn-ún máa ń sá sí: ẹ̀yìn ìṣó, abẹ́ irin ìwòran, inú ihò tí a ń so okùn ìbọn mọ́. Ayàwòrán náà fi ọjọ́ méjì tún un kùn. Ó nu ìdógùn-ún kúrò níbi tí ọwọ́ ń dé, ó fi í sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ò dé. Ìbọn náà sàn gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún fún àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ "ohun ìṣeré" dín kù ni, kò tán.

Ni wọ́n bá kọjú sí ìbọn kejì, èyí tí àwọn ará ọgbà rọ. Èrò wọn ni pé ìbọn tí a fọwọ́ rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ àdàmọ̀dì, nítorí náà wọ́n kó ẹ̀yà ìbọn oríṣiríṣi jọ. Wọ́n mú ọ̀pá kan láti ara ìbọn Thompson ti Amẹ́ríkà, wọ́n mú àpótí ọta láti ibòmíràn, wọ́n fi páìpù ńlá kan bo iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi ìdí ìbọn ọdẹ há a nídìí. Lójú, ó wuni. Gbogbo ẹgbẹ́ ló pàtẹ́wọ́ sí i.

Wàhálà dé nígbà tó kan ẹni tó ń mú àwòrán rìn. Ìbéèrè kan ló bi wá, kò sì sẹ́ni tó rí i dáhùn: ibo ni ọta ń gbà wọ inú ọ̀pá? Níbi tí wọ́n gbé àpótí ọta sí, ó wà níwájú ju ibi tí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Ọta á ní láti kọ́kọ́ rìn padà sẹ́yìn kó tó lè jáde níwájú. Kò mọ ohun tí ọwọ́ òsì yóò dì mú, kò mọ ibi tí irin ìfà yóò bá lọ. Ó fẹ́ẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko tò ó, tó ń tú u, kó tó sọ fún wa pé òun ò lè mú ohun tí kò ní iṣẹ́ ṣiṣẹ́.

Àríyànjiyàn irú èyí ti kan àwọn tó tóbi ju ẹgbẹ́ yìí lọ dáadáa. Nínú géèmù Fallout 4, tí ilé-iṣẹ́ Bethesda gbé jáde ní 2015, ìbọn ológun kan wà tí iwájú rẹ̀ ki pọ́pọ́ bí páìpù omi. Nígbà tí ọ̀pọ̀ tó gbá a rí i, Maxim ni wọ́n rántí, ìbọn arọ̀jò-ọta ti 1884 tí omi inú páìpù ń tu ọ̀pá rẹ̀ lára. Àwọn mìíràn ní ìbọn Lewis ló jọ. Wọ́n ṣì ń jà lé e lórí. Èmi ò rò pé ìrísí rẹ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n. Ayé Fallout, ayé ọjọ́ iwájú ni, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ìgbà 1950 ṣe ń fojú inú wò ó; ìbọn ràgàjì bẹ́ẹ̀ bá irú ayé yẹn mu. Ohun tó ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé wọ́n rí páìpù, wọn ò rí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìgbà tí a dé ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ yí padà. A wà lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo wa ló ti rẹ̀, olórí ẹgbẹ́ sì ń sọ pé kí á kúkú ra àwòrán ìbọn tí ẹlòmíràn ti yà sílẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ìtàn ìbọn kan ṣoṣo fún wọn ná.

Ilé-iṣẹ́ Obsidian ló ṣe géèmù Fallout: New Vegas ní 2010. Ní 2011, àfikún rẹ̀ kan jáde tó ń jẹ́ Honest Hearts. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Joshua Graham, tí wọ́n dáná sun tí kò kú, tí báńdéèjì bò lára títí dé ojú. Ìbọn ìléwọ́ M1911 ló ń lò. Ẹni tó ṣe M1911 láyé gidi ni John Moses Browning. Ìlú Ogden ní ìpínlẹ̀ Utah ni wọ́n ti bí i ní 1855, inú ẹbí ẹlẹ́sìn Mormon ló sì ti dàgbà. Graham inú géèmù, ará New Canaan ni, àwùjọ àwọn Mormon tó ṣẹ́kù, tí wọ́n tẹ̀ dó sórí ahoro Ogden kan náà. Ó máa ń sọ fún ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ pé ọmọ ẹ̀yà òun ló ṣe irú ìbọn yìí, ó ti fẹ́ẹ̀ tó irinwó ọdún, àti pé kí ọmọ wọn tó di àgbà, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò. Ní 2011 yẹn náà ni ìpínlẹ̀ Utah fi òfin sọ M1911 di ìbọn ìpínlẹ̀ wọn.

Mo ní kí wọ́n wò ó. Àwòrán ìbọn yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí M1911 inú àwọn géèmù yòókù. Kò sí ẹ̀yà àjèjì lára rẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di ìbọn Graham ni pé a mọ ẹni tó ṣe é, a mọ ibi tó ti wá, a sì mọ ìdí tó fi wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn dípò ẹlòmíràn. Fallout 3 ti ṣe irú rẹ̀ ní 2008. Láyé gidi, ìbọn Henry kan wà tí wọ́n fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, nọ́ńbà 6 ló wà lára rẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Inú ahoro Washington ni ìtàn Fallout 3 ti wáyé. Inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ahoro yẹn náà ni ẹni tó bá wá a dáadáa ti ń rí ìbọn Lincoln.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ayàwòrán ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Ta ló rọ tiwa?"

Kò sí ìdáhùn. Iṣẹ́ wọn ti ń lọ fún oṣù mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó tíì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni a ti pa àwòrán tì, tí a gbé ìwé kan ṣoṣo kalẹ̀. Ìbéèrè márùn-ún ló wà lórí rẹ̀: ta ló rọ ìbọn yìí? Irinṣẹ́ wo ló ní lọ́wọ́? Kí ló ń bà á lẹ́rù nígbà tó ń rọ ọ́? Ta ló ń ṣe ọta rẹ̀? Bó bá bàjẹ́, ta ló ń tún un ṣe?

Ìbéèrè kẹta ni mo kúndùn jù, nítorí òun ló ń bí ìrísí. Àpẹẹrẹ méjì ni mo fi hàn wọ́n. Ní 1941, ẹ̀rù ń ba Bírítéènì. Àwọn ọmọ ogun wọn ti fi ohun ìjà púpọ̀ sílẹ̀ ní Dunkirk ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń retí pé àwọn ará Jámánì yóò gba orí omi wọlé, wọ́n sì nílò ìbọn púpọ̀ kíákíá. Shepherd àti Turpin ya ìbọn arọ̀jò-ọta Sten ní ilé-iṣẹ́ ìbọn tó wà ní Enfield. Lẹ́tà orúkọ àwọn méjèèjì àti ti Enfield ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Páìpù lásán ló jọ. Àwọn ọmọ ogun ń pè é ní àlá burúkú plọ́ḿbà. Lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni Lines Brothers, tí wọ́n ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé Tri-ang kí ogun tó dé. Nígbà tí mo sọ èyí, ayàwòrán rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ìbọn tó ti ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré jáde gan-an kò dà bí ohun ìṣeré, nítorí ìkánjú àti ìbẹ̀rù àwọn tó ṣe é wà lára rẹ̀ fún ẹni tó bá lójú láti rí.

Ìkejì ni ìbọn Błyskawica, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ mọ̀nàmọ́ná. Wacław Zawrotny àti Seweryn Wielanier, ẹnjiníà ọmọ Poland méjì, ni wọ́n ṣe é ní ìkọ̀kọ̀ fún ẹgbẹ́ ogun abẹ́lẹ̀ tó ń bá ìjọba Násì jà. Bíi 700 ni wọ́n rí ṣe, àwọn kan nínú rẹ̀ sì jà nínú ìdìtẹ̀ Warsaw ní 1944. Jíjó irin pọ̀ le fún wọn, nítorí náà síkúrù ni wọ́n fi to ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀. Èyí jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kékeré oríṣiríṣi lè máa ṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó wá kó wọn jọ síbì kan. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sten. Irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àkókò kan náà ni wọ́n wá sáyé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń ba ẹni tó ń kánjú yàtọ̀ sí ẹ̀rù tó ń ba ẹni tó ń fara pamọ́, síkúrù inú Błyskawica sì ń sọ ọ́.

Wọ́n bá jókòó ti ìwé náà. Ẹni tó rọ ìbọn kejì, wọ́n pinnu pé obìnrin àgbà kan ni, tó ti ń tún bíréèkì ọkọ̀ ojú irin ṣe kí ogun tó dé. Ó ní ayùn irin, ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu irin ní ihò, ó ní páìpù bíréèkì tó pọ̀ bí ilẹ̀. Iná mànàmáná kì í dúró, nítorí náà kì í jó irin pọ̀, síkúrù ló ń lò. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé kí ìbọn òun má bàjẹ́ mọ́ ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́, torí pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí gbogbo ohun tó bá rọ fi nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ní kété tí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀, ìbọn náà ya ara rẹ̀. Páìpù bíréèkì ni ara rẹ̀, awọ ìjókòó ọkọ̀ ojú irin ló wé ìdí rẹ̀, síkúrù rẹ̀ sì jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo látòkè délẹ̀, nítorí oríṣi kan ṣoṣo ló kún inú àpótí obìnrin náà.

Ìwé yẹn kan náà ló pa ìbọn kẹta. VSS ti Rọ́ṣíà ni wọ́n wò yà á, ìbọn tí Petr Serdyukov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Klimovsk, tí wọ́n gbà wọlé ní 1987. Ọta tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ti milimítà 9 tó wúwo, tí eré rẹ̀ kò tó ti ohùn, kí ariwo rẹ̀ má bàa jìnnà. Nínú géèmù S.T.A.L.K.E.R. tí ilé-iṣẹ́ GSC ní Kyiv gbé jáde ní 2007, ìbọn yìí bá ibẹ̀ mu: àwọn ológun ṣì wà láyìíká agbègbè Chernobyl, àwọn oníṣòwò sì ń kó ọta wọlé láti ìta. Ṣùgbọ́n níbi tí ìta ti parẹ́ láti ogójì ọdún, ta ló ń ṣe ọta yẹn? Kò sẹ́nì kankan. Wọ́n yọ ìbọn náà kúrò nínú ohun tí a lè yìn, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri lórí ibùsùn àgbàlagbà kan tó ti jagun rí, láìsí ọta kan nínú rẹ̀. Ó ń fi epo nù ún láràárọ̀. Lójú tèmi, òun ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló wá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Nínú géèmù tí a ń fi ojú ẹni tó ń yìnbọn wò, ọwọ́ ọ̀tún ni ìbọn máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ nìkan la sì ń rí. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni irin ìfà AK wà, ibẹ̀ náà ni èèpo ọta ń gbà fò jáde. Gbogbo ohun tó ń mì lára ìbọn ló fara pamọ́. Nítorí èyí làwọn kan ṣe ń yí ìbọn padà bí ìgbà tí a bá wò ó nínú dígí. Géèmù Counter-Strike àtijọ́ ṣe é, S.T.A.L.K.E.R. náà ṣe é. Ó ń dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé èèpo gbígbóná ń fò kọjá níwájú ojú ẹni tó ń yìnbọn.

Ti ìbọn kejì rọrùn, Sten ló sì yọ wá. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni àpótí ọta Sten ti yọ sí, gbọnrangandan, níwájú ojú ẹni tó ń gbá géèmù. Kò sí ohun tí a fẹ́ yí. Bí ọwọ́ òsì bá ń yọ àpótí, a rí i. Bó bá ń ti òmíràn wọlé, a rí i. Mo tún rán wọn létí géèmù Metro 2033, tí 4A Games ní Kyiv ṣe ní 2010. Ìbọn kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ará abẹ́ ilẹ̀ fọwọ́ rọ, tí ọta rẹ̀ tò sórí irin pẹlẹbẹ tó ń rìn kọjá lára ìbọn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ojú lásán lo fi ń rí iye tó kù fún ọ. Ayàwòrán wa la ihò tóóró sára àpótí ọta tirẹ̀, kí á lè máa rí ọta nínú rẹ̀, wọ́n sì yọ nọ́ńbà tó ń sọ iye ọta kúrò lójú kọ̀ǹpútà.

Ti AK ni a ò fẹnu kò sí. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹni tó ń mú àwòrán rìn máa yí ìbọn náà wálẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fa irin ìfà, kí ojú lè rí i. Wọ́n dán an wò. Olórí ẹgbẹ́ ní ó ń falẹ̀. Wọ́n yí i padà bíi ti inú dígí, bẹ́ẹ̀ ló sì wà. N kò tíì gbà pé ó tọ́. Ìbọn ológun nìkan ni àwọn tó mọ ìbọn ṣì ń ráhùn lé lórí.

Ọta ló kù. Nínú Metro 2033, ọta gidi tí àwọn ológun ṣe kí ayé tó bàjẹ́ ni owó. Ọta ẹlẹ́gbin tí wọ́n ń ṣe nínú ihò ni wọ́n sábà ń yìn. Bí o bá yin ọta gidi, owó rẹ lò ń yìn dànù. Ẹni tó ń kọ kóòdù fẹ́ràn èyí púpọ̀, ó sì pinnu pé ọta tí àwọn ará ọgbà ń ṣe yóò máa há sínú ìbọn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó jẹ́ kó máa há nígbàkúùgbà, bí ẹni ta tẹ́tẹ́. Inú bí àwọn tó dán an wò gidigidi. Wọ́n ní géèmù náà ń rẹ́ àwọn jẹ.

Mo sọ ìtàn ìbọn M16 fún ẹni tó ń kọ kóòdù náà. Nígbà tí ìbọn yẹn dé Vietnam, ó ń há mọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́wọ́ lójú ogun, àwọn kan sì kú nítorí rẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin wádìí rẹ̀ ní 1967, wọ́n rí i pé ẹ̀tù inú ọta ni wọ́n ti pààrọ̀ sí oríṣi mìíràn, àti pé irinṣẹ́ ìnubọn kò délé dóko fún àwọn ọmọ ogun. Ìbọn kì í há lásán. Ó ní ohun tó ń fà á, ohun náà sì máa ń ṣẹlẹ̀ kí ìbọn tó há. Ó padà lọ tún kóòdù rẹ̀ kọ: ọta ẹlẹ́gbin ń fi èérí sílẹ̀, èérí ń pọ̀ sí i, irin ìfà sì ń falẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ohùn fi ìró kan kún un, irin tó ń ha irin, tó ń le sí i bí èérí ṣe ń pọ̀. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ á ti gbọ́ ọ kó tó há. Iye ìgbà tí ìbọn ń há kò dín kù rárá, mo mọ̀ ọ́n nítorí pé a kà á. Ẹ̀sùn ìrẹ́jẹ ni kò wá mọ́.

Orúkọ ni a tètè yanjú. Agbẹjọ́rò wọn ò fẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Ilé ẹjọ́ kan ní New York ti dá ẹjọ́ ní 2020 pé ilé-iṣẹ́ géèmù Activision kò jẹ̀bi fún fífi ọkọ̀ ológun Humvee sínú géèmù wọn láìgba àṣẹ AM General tó ń ṣe ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kékeré kò lówó tí yóò fi rojọ́, ì báà tiẹ̀ jàre. S.T.A.L.K.E.R. kàn lọ́ orúkọ ìbọn gidi ni: MP5 di Viper 5, G36 di GP 37, L85 di IL 86. Tiwa kò nílò kí á lọ́ nǹkan kan. Ilé ìtúnkọ̀ṣe kẹrin ni obìnrin àgbà náà ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ará ọgbà sì ń pe ìbọn rẹ̀ ní Mẹ́rin.

Iṣẹ́ yìí ti yí bí mo ṣe ń ṣe tèmi padà. N kì í fi fọ́tò ìbọn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́ títí tí wọ́n á fi dáhùn ìbéèrè márùn-ún yẹn, nítorí pé tí fọ́tò bá ti dé, ọwọ́ ayàwòrán kì í gbọ́ràn sí nǹkan mìíràn mọ́. Ẹni tó ń mú àwòrán rìn ni mo ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí, kí ayàwòrán tó fọwọ́ kan nǹkan. Òun ló máa ń mọ̀ bóyá ọta ní ọ̀nà tó lè gbà. Bí ìbéèrè "ta ló ń ṣe ọta rẹ̀" kò bá sì ní ìdáhùn, mo ń ní kí wọ́n yọ ìbọn náà, tàbí kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri.

Nígbà ìdánwò ìkẹyìn, ọmọkùnrin kan gba Mẹ́rin, kò yìn ín. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà, ó ń yí ìbọn náà síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú kọ̀ǹpútà. Ó wo etí páìpù níbi tí ayùn ti rẹ́ irin, ó fa àwòrán náà súnmọ́ ara, ó sì bi wá léèrè pé, "Ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni ẹni tó rọ ọ́?" Gbogbo àmì ayùn náà ló dà sí apá kan. Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sórí ìwé. A yíjú sí ayàwòrán. Ọwọ́ òsì ló fi di bírò mú. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń kọ ìtàn géèmù ṣí ojú ewé obìnrin àgbà náà, ó sì fi gbólóhùn kan kún un.